Ojú ni kí ó kọ́kọ́ débẹ̀: ohun tí oko kòkó kọ́ mi nípa ejò

Oko kòkó ni mo ti ń jẹun ní agbègbè Ìdànrè, lórí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún èmi àti àwọn àbúrò mi. Ẹni tó bá mọ oko kòkó á mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í hàn. Ewé ń já bọ́ lójoojúmọ́, bí ọyẹ́ bá sì dé, á tún já sí i. Tuntun á bo èyí tó ti ń jẹrà mọ́lẹ̀, títí ẹsẹ̀ á fi máa rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Abẹ́ ewé yìí tutù, ó ṣókùnkùn, eku wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí ejò ń wá kiri náà nìyẹn. Àwa àti òun la jọ ń gbé oko yìí láti ìgbà tí àwọn baba wa ti gbin kòkó síbẹ̀.

Mo ń kọ èyí torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń padà sídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì bá àgbà rìn nínú igbó rí. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ra kòkó, wọ́n mọ oògùn tí wọ́n ń fín sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ibi tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí ejò bù ṣán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ejò dìde wá bá. Àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí tí wọ́n ki ọwọ́ bọ ibi tó sùn sí, tàbí tí wọ́n gbé igi lé e pé àwọn fẹ́ pa á. Ojú ni kí ó kọ́kọ́ dé gbogbo ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá fẹ́ dé. Bí ojú kò bá ríran wọbẹ̀, kí ọ̀pá lọ kí ọwọ́ tó lọ.

Bàbá kan tó ti ń bá wa ká kòkó láti ìgbà ayé bàbá mi ló fi oká hàn mí dáadáa. Mo ń ṣa kòkó tí wọ́n ti ká sílẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Ìyá Bọ́lá, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbẹ́sẹ̀." Kò pariwo. Ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ní kí n wo ìdí igi. Mo wò ó títí, ewé nìkan ni mo rí. Ó ní, "Orí rẹ̀ ni kí ẹ wá, ẹ má wá ara rẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Orí rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ewé, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé kòkó tó ti gbẹ, ìlà dúdú tín-ín-rín kan sì gba àárín orí náà kọjá lọ sí ìpàkó bí iṣan àárín ewé. Bí ojú mi ṣe mú orí báyìí ni gbogbo ara hàn sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó nípọn tó apá ọkùnrin, ó ká jọ sójú kan. Kò mira rárá. Ibi tí mo fẹ́ na ọwọ́ sí kò jìnnà sí i ju gígùn àdá kan lọ.

Bàbá ní kí n fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, kí n gba ojú ipa tí mo gbà débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lọ gbé àdá, ó kọ̀ fún wọn. A fi ìdí igi náà sílẹ̀, a lọ ká apá ibòmíràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn sí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ ọ́ di òfin lóko wa: ejò tí kò bá sí nínú ilé, tí kò bá sí lójú ọ̀nà ọmọdé, à ń yà fún un ni. Kò sí ejò mìíràn láyé tí eyín rẹ̀ gùn tó ti oká. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Èèyàn kò gbọdọ̀ torí ẹran tí yóò jẹ lálẹ́ fi ara wéwu irú eyín bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé béèyàn bá ń pariwo, bó bá ń kọrin lọ, ejò á sá. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ariwo ẹnu kò tó nǹkan lójú ejò; bí ilẹ̀ ṣe ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ó máa ń tètè mọ̀. Nítorí náà, kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ dáadáa bó ṣe ń lọ á jẹ́ kí ṣèbé àti àwọn ejò tó yára ti kúrò lọ́nà kó tó dé. Oká àti paramọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni ààbò tiwọn. Wọ́n mọ̀ pé ojú kò lè rí wọn, wọn á wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́ta lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnì kẹrin á wá tẹ̀ wọ́n. Orin kò ní gba ẹnì kẹrin yẹn. Bàtà ló máa gbà á.

Bàtà róbà gígùn, èyí tí a ń wọ̀ lásìkò òjò, ni mo ń sọ. Mo ń rà á fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóko mi, mi ò sì yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ejò sábà máa ń bù ṣán. Mi ò sọ pé eyín ejò kò lè gún róbà, ṣùgbọ́n ohun tó bá dínà fún un, tó sì jẹ́ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín òun àti ẹran ara, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ṣòkòtò tó tóbi, tó bọ́ lu bàtà náà látòkè, tún ń ṣèrànwọ́. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gbọ́dọ̀ dojú rẹ̀ dé, kó gbọ̀n ọ́n. Àkekèé ni a sábà máa ń rí níbẹ̀ ju ejò lọ.

Ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wà fún àwa obìnrin. Ọkùnrin á fi irin ká kòkó látòkè, àwa la ó bẹ̀rẹ̀ ṣa á nílẹ̀. Àwa la ń ṣa ẹyìn tó fọ́n ká sídìí ọ̀pẹ, àwa la ń ṣẹ́gi ìdáná, àwa la ń kó kòkó jọ sí òkìtì. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ejò lóko, bàtà nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ, bí ẹni pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí èmi àti àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń ṣe ni pé ọ̀pá kì í kúrò lọ́wọ́ òsì wa. Ọ̀pá á kọ́kọ́ tú ewé, á yí kòkó náà kúrò lójú ibi tó wà, ọwọ́ ọ̀tún á wá gbé e. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá ti mọ́ra, kò ní fà á mọ́. Igi ìdáná, ọ̀dọ̀ ara ẹni la ń yí i sí, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ṣí sí òdìkejì, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè rí ọ̀nà sá lọ, kó má sì bá wa lójú.

Òkìtì kòkó tún nìyẹn. Tí wọ́n bá ti ká a tán, wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ. Eku á dé ibẹ̀ lóru ọjọ́ kìíní. Ejò kò ní í pẹ́ tẹ̀ lé e. Èèpo kòkó tí a bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abà burú ju òkìtì lọ, torí ó máa ń pẹ́ nílẹ̀, ó máa ń móoru nínú, ó sì ní ihò. A ti gbé àkìtàn èèpo wa jìnnà sí abà, a ṣán ilẹ̀ yí abà ká, a sì ń kó àgbàdo àti gààrí sínú ike tó ní ìdérí. Láti ìgbà tí eku ti dín kù ní abà ni ejò náà ti dín kù níbẹ̀. Kò sí oògùn kankan tí mo fọ́n sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun "lé ejò" lọ́jà ti wá bá mi; mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti lé eku ti lé ejò.

Àwọn àlejò tó ń wá gun Òkè Ìdànrè, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n náà. Òkúta tí oòrùn ti pa máa ń fa ejò mọ́ra, ihò àárín òkúta sì jẹ́ ilé fún un. Bí ẹ bá ń gùn, tí ẹ fẹ́ di òkúta mú lókè orí yín níbi tí ojú kò ti lè rí i, ẹ wá ibòmíràn dì mú. Ẹ má jókòó sórí òkúta tó ní àlàfo lábẹ́ láìkọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Alẹ́ ni ti paramọ́lẹ̀. Ó kúrú, ó sanra, a máa jáde wá oúnjẹ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ sódò tàbí lọ tọ̀ ni ó sì máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ sí torí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbóná. Kò sí ìrìn tó kúrú jù fún tọ́ọ̀ṣì. Fóònù tó ní iná ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn báyìí, ẹ tàn án, kí ẹ sì tàn án sí iwájú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn sórí ẹní ní abà, kó ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kó sì fi etí rẹ̀ há abẹ́ ẹní yíká. Ibà ni wọ́n torí rẹ̀ pín in fún wa, ṣùgbọ́n ó ń dínà fún ejò náà.

Ọ̀rọ̀ ṣèbé yàtọ̀ torí ojú ni ó ń lé. Ọmọ àbúrò mi kan rí i lẹ́yìn ilé adìyẹ, ó gbé igi, ó lé e mọ́ ògiri. Ṣèbé náà gbé orí sókè, ó tu oró sí i lójú láti ibi tó jìnnà ju ọ̀pá tí ọmọ náà mú lọ. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń rántí rẹ̀. Ẹnì kan ti gbé epo pupa dé, ẹnì kan ń pè fún kẹrosíìnì. Mo gba ọmọ náà mú, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí a fẹ́ mu, mo sì ń da omi sí ojú náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ń fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ kí omi lè wọlé dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì náà tán, a gbé òmíràn. Omi nìkan ni, omi púpọ̀, ní kíákíá. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ fún dókítà, torí oró yẹn lè ha ojú, kí kòkòrò àìsàn wọ ibẹ̀, kí ojú sì fọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì jiná.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ń gbé abà wa, tí paramọ́lẹ̀ bù ṣán lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ń ti odò bọ̀, sálúbàtà ló wọ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èèyàn ti pé lé e lórí. Ọ̀kan ti mú okùn, ó fẹ́ fi dè é lókè orókún. Ọ̀kan mú abẹ, ó fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ yí ojú ibi tó bù ú ká. Ẹlòmíràn ti ránṣẹ́ lọ gba òkúta dúdú, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń fa oró ejò jáde. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún jágbe mọ́ wọn. Okùn kì í dá oró dúró. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dá dúró, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń wú tí ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀, ẹsẹ̀ náà á kú, wọn á gé e. Abẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oró ejò bí oká àti paramọ́lẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti dì, ojú gbẹ́rẹ́ náà á wá máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdá.

A mú un jókòó, a ní kó má rìn rárá, torí ìrìn àti ìmira ń mú oró yára tàn. A bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ẹsẹ̀ tó wú mọ́ ọn. A gbé ọparun méjì tẹ ẹsẹ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a fi ìró mi dì í mọ́ra, kì í ṣe líle, kó ṣáà má lè ká. A kò fún un ní ọtí, a kò fún un ní àgbo. Mo wo aago, mo kọ àkókò náà sí ọwọ́ mi. Lẹ́yìn èyí, a gbé e sí àárín ọlọ́kadà àti arákùnrin kan tó dì í mú lẹ́yìn, ó di ọ̀nà ìlú.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé kò ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ kí a tó mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ tún máa lọ. Ní ibi kejì, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tó mọ́, tó sì gbẹ, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 20. Gbogbo wa ń wo ìgò náà. Nígbà tí ìṣẹ́jú 20 pé, ó rọra dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti ba agbára dídì rẹ̀ jẹ́. Ti ọmọkùnrin yìí dì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kọjá orókún, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ náà lójú iṣan. Nọ́ọ̀sì dúró tì í ní gbogbo ìgbà tó ń wọlé, torí láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń ṣe é, ara ẹlòmíràn lè kọ̀ ọ́, kó máa yún un, kí èémí rẹ̀ há. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ gba irú abẹ́rẹ́ yìí ní kẹ́míìsì tàbí nínú ilé. Ẹsẹ̀ náà lé ròrò, ó dúdú lójú ibi tó bù ú, ó sì pẹ́ kó tó sàn. Ó ń rìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóko wa títí dòní.

Àwọn kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí a bá lo òkúta dúdú ni, ì bá tètè sàn, pé àwọn mọ ẹni tó gbà là. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 5.4 ìgbà ni ejò ń bu èèyàn ṣán lọ́dún káàkiri ayé, pé oró wọ ara èèyàn nínú mílíọ̀nù 1.8 sí 2.7 níbẹ̀, pé àwọn tó sì ń kú jẹ́ 81,000 sí 138,000. Ẹ wò ó dáadáa: nínú èèyàn méjì tí ejò bù ṣán, ó lè tó ẹnì kan tí oró kò wọ̀ lára rárá, yálà torí ejò náà kò lóró, tàbí torí pé kò tu oró sílẹ̀ nígbà tó bù ú. Ẹ gbé òkúta lé onítọ̀hún lẹ́sẹ̀, ó máa yè. Ẹ má gbé nǹkan kan lé e, ó máa yè. Ẹni tí oró wọ̀ lára ni òkúta ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, kò sì sẹ́ni tó lè fojú wo èèyàn méjèèjì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kó mọ ìyàtọ̀. Mi ò bu àwọn onísègùn wa kù. Àwọn tó lóye nínú wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ pé kí a gbé aláìsàn lọ sọ́sibítù. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni pé kí ilé ìwòsàn jẹ́ ibi àkọ́kọ́. Tí ejò náà bá jẹ́ irú èyí tí oró rẹ̀ ń mú kí iṣan ara kọ̀ṣẹ́, ìpéǹpéjú á rọ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa fà lẹ́nu, itọ́ kò ní ṣeé gbé mì, títí mímí fi máa ṣòro. Òkúta kankan kò lè bá èèyàn mí.

Ẹ má sì torí pé dókítà fẹ́ mọ ejò náà lọ máa lé e kiri. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkèèrè bó bá ṣeé ṣe, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ bó ṣe rí, ó tó. Ejò tí a ti pa náà ṣì lè bu èèyàn ṣán, kódà orí tí a ti gé kúrò lára rẹ̀. Orí ejò kò ṣeé họ imú, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fún ọmọdé gbé ṣeré. Ẹ fi ọkọ́ gbé e, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn.

Lápá òkè Ọya, ìyà yìí pọ̀ ju tiwa lọ. Ejò kékeré kan wà níbẹ̀ tí Òyìnbó ń pè ní carpet viper, ilé ìwòsàn tó wà ní Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gombe sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tí ejò bù ṣán lọ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, EchiTAb-Plus-ICP, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún oró ejò yẹn, fún paramọ́lẹ̀ ńlá àti fún ṣèbé tó ń tutọ́. Ó wọ́n, èyí tó jẹ́ olómi nínú rẹ̀ sì nílò ibi tútù. Abúlé tí kò ní iná kò lè tọ́jú rẹ̀. Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò tó bu èèyàn ṣán mọ́ àwọn àìsàn tí ayé pa tì tó yẹ kí wọ́n gbájú mọ́; ní 2019 wọ́n ní àwọn fẹ́ dín ikú àti àbùkù ara tó ń tìdí rẹ̀ wá kù sí ìdajì tó bá fi máa di 2030. Kí ìjọba wa náà ra abẹ́rẹ́ yìí sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe kòkó. Àwa là ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹsẹ̀ wa ló wà nínú ewé.

Ohun tí èmi ń ṣe báyìí kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ni pé mo máa ń pe àwọn ilé ìwòsàn tó wà lọ́nà Àkúrẹ́, mo máa ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ní abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀ àti ẹni tí dókítà rẹ̀ ń sùn síbẹ̀. Mo ń kọ orúkọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà ọlọ́kadà méjì sára ògiri abà pẹ̀lú èédú, lẹ́tà ńlá, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ̀wé nínú wa ti há nọ́ńbà náà sórí.